Wákàtí Ìbòjú Bàbá Ṣótúndé

"Ẹ má tíì jókòó, adúrófún," ni Olùṣọ́, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ilé, wí láti inú ògiri. "Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò fẹ́ ìjókòó."

Rẹ̀mílẹ́kún, ẹni tí òfin ní kó máa dúró fún bàbá rẹ̀, dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà omi lẹ́sẹ̀. Ó ń kó ọmọ ẹja láti inú adágún kan sí òmíràn lọ́wọ́ nígbà tí ilé bàbá rẹ̀ pè é, ilé náà kì í sì í pe ènìyàn lásán. Bó ṣe wà níbi iṣẹ́ náà ló ṣe kó sínú ọkọ̀ ojú omi. Òórùn ẹja ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀ jókòó sídìí tábìlì, ó ń jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀gbà tó wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀ ń kùn bí oyin tó há sínú ìgò. Kíkùn yẹn ni kì í jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n. Ṣíbí ń lọ, ṣíbí ń bọ̀, ẹ̀wà kan kò dànù. Ṣùgbọ́n òkè ojú rẹ̀ òsì ti wú, aṣọ funfun pélébé kan sì wà níbẹ̀. Apá ilé ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn: ọwọ́ irin gígùn méjì tí ń rìn lórí irin àjà láti yàrá dé balùwẹ̀, tí ń gbé bàbá dìde láràárọ̀, tí ń fi kànrìnkàn họ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Bàbá, kí ló ṣe yín lójú?"

"Mo forí gbá nǹkan lánàá."

"Níbo?"

Bàbá Ṣótúndé gbé ṣíbí sílẹ̀, ó nu ẹnu rẹ̀, ó sì wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. "Inú wákàtí mi ni."

Ní gbogbo Ẹ̀pẹ́ Tuntun, bí àgbà bá ti sọ ìyẹn tán, kò tún sí ìbéèrè mọ́.

"Ojú mi wà ní dídì," Olùṣọ́ wí, bí ẹni tí ń ṣàwíjàre. "Òfin ló ní kí n dì í fún wákàtí kan lójúmọ́, ojú àti etí, kí bàbá lè bọ́ ẹ̀gbà kọ́ sórí ìṣó, kí wọ́n ṣe ohun tó wù wọ́n. Nígbà tí mo la ojú lánàá, wọ́n wà lórí àga, ẹ̀gbà wà lórí ìṣó, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sí wọn láyà. N kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. A kò dá mi láti mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Kí lòfin wá ní ká ṣe?"

"Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú Wákàtí Ìbòjú, adúrófún ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Ẹ lè ní kí n ti wákàtí náà pa, kí n máa wò wọ́n tọ̀sán tòru. Tàbí kí ẹ fúnra yín wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ wá jẹ́rìí ohun tí ẹ rí. Òpin wákàtí tòní ni gbèdéke."

"Bí n kò bá yan ọ̀kankan ńkọ́?"

"Èmi yóò tì í."

Bàbá Ṣótúndé rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. "Ẹ gbọ́ ilé tí mo ń gbé, tó ń bá mi dá gbèdéke."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," Rẹ̀mílẹ́kún wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. "Ẹ sọ ọ́ fún èmi nìkan. Ohun yòówù kó jẹ́. Bí ẹ bá ń mu ọtí ni, mo fara mọ́ ọn."

"Rẹ̀mílẹ́kún, nígbà tí o wà lọ́mọge, tí o bá ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ, ǹjẹ́ mo yọjú lójú kọ́kọ́rọ́ rí?"

"Ẹ kò yọjú."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀." Ó sì fa àwo ẹ̀wà rẹ̀ mọ́ra padà.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ wákàtí yìí ti ń jẹ Rẹ̀mílẹ́kún lọ́kàn. Níbi ọgbà ẹja, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sọ ọ́ bí wọ́n bá ń jẹun ọ̀sán. Ìyá ẹnì kan máa ń fi tirẹ̀ sùn ní ìhòòhò. Bàbá ẹlòmíràn máa ń dúró sí àárín pálọ̀, á máa bú ilé rẹ̀ bí ẹni bú olè, nítorí ó mọ̀ pé ilé kò gbọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tirẹ̀, ẹni tó ti ń hun àwọ̀n láti kékeré títí ọwọ́ fi kọ̀ ọ́, kí ló ń fi tirẹ̀ ṣe? Kò sí àwọ̀n nínú ilé náà mọ́. Kò sí ìgò. Ojú rẹ̀ a sì máa dán lẹ́yìn wákàtí náà, bíi ti ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Ó dágbére fún un, ó jáde, ṣùgbọ́n kò wọ ọkọ̀. Ó rìn yípo dé ẹ̀yìn ilé, ó sì dúró lábẹ́ ìbòòji àgbá omi ńlá kan. Ọ̀sà ti jẹ Ẹ̀pẹ́ àtijọ́ tán kí wọ́n tó kó gbogbo ènìyàn wá síbí, nítorí náà orí òpó ni gbogbo ilé wà, afárá pákó ló sì so ọ̀kan mọ́ èkejì, tòun ti okùn tí ènìyàn lè dì mú. Lórí òrùlé kọ̀ọ̀kan tí àgbà wà, iná kékeré aláwọ̀ aró kan máa ń tàn bí ilé bá lajú.

Iná orí òrùlé bàbá rẹ̀ kú. Bí ó ti kú, ti ilé kejì náà kú, bí ìgbà tí ẹni méjì bá ṣẹ́jú síra wọn.

Wákàtí ilé méjèèjì bọ́ sí àkókò kan náà.

Bàbá Ṣótúndé yọ láti ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹ̀gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ìgbànú tí ń gbé e ró lẹ́sẹ̀ ní ìbàdí rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún ń gbọ̀n bí ewé, ó sì fi òsì di okùn mú. Ó tẹ pákó kan wò, ó dúró, ó tẹ òmíràn. Nísàlẹ̀, omi dúdú ń ṣàn lọ. Ọkàn Rẹ̀mílẹ́kún ní kó sáré lọ dì í mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra pàápàá, ṣùgbọ́n ó rí i pé bàbá ń kọrin. Kò gbọ́ ọ̀rọ̀ orin náà, ètè rẹ̀ ló rí. Ó dúró.

Bàbá kọjá. Ó ti ilẹ̀kùn ilé kejì, ó sì wọlé.

Ilé Ìyá Gbénró ni. Rẹ̀mílẹ́kún kò mọ ìyá náà ju kí wọ́n kíra láti òdì omi lọ. Ó mọ pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ: ORÚKỌ MÉJÌ PÉRÉ LÓ LÈ WỌ ILÉ YÌÍ. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà ló kọ́ ọ síbẹ̀. Orúkọ ọmọ náà jẹ́ ọ̀kan, èkejì jẹ́ ti ọlọ́wọ́ àṣẹ, ìyẹn òṣìṣẹ́ tí ìjọba fún láṣẹ láti fọwọ́ kan àgbà tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá dán an wò, ẹjọ́ ni. Òfin náà kò burú nígbà tí wọ́n ṣe é. Àwọn tó ń gbowó láti tọ́jú àgbà ló ń lù wọ́n nígbà náà, tí wọ́n ń fi ebi pa wọ́n.

Ó yọ́ kọjá afárá, ó sì yọjú lójú fèrèsé.

Bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga. Ìyá Gbénró jókòó lórí àpótí láàárín eékún rẹ̀, ó ti tú gèlè sí ejìká, ó gbé orí rẹ̀ lé itan bàbá bí ọmọdé. Òòyà wà lẹ́nu bàbá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú irun funfun, ó ń dirí.

"Wọlé, ìwọ tó ń yọjú," ni Ìyá Gbénró wí láìyíjú. "Òórùn ẹja ti ṣáájú rẹ wọlé."

Bàbá Ṣótúndé mú òòyà kúrò lẹ́nu. Ojú tì í díẹ̀, ṣùgbọ́n kò bínú. "Ilé yẹn ló rán ọ."

"Òun kọ́ o. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi wá." Rẹ̀mílẹ́kún kúnlẹ̀ kí ìyá náà. "Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ má bínú. Bàbá, ṣé irun lẹ wá ń dì láti ọjọ́ yìí?"

"Ṣé ẹja lo rò pé mo ń yan?"

Ìyá Gbénró nawọ́ sí fìlà kan lórí ìjókòó. Fìlà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún yí inú rẹ̀ síta, ó rí àwọn ẹyọ irin wínníwínní tó tò síbẹ̀ bí ẹyin ẹja. "Ohun tó fa gbogbo rẹ̀ nìyẹn," ìyá wí. Igun ẹnu rẹ̀ òsì lọ́ díẹ̀ bó ti ń sọ̀rọ̀. "Àrùn rọpárọsẹ̀ fọwọ́ bà mí ní ìgbà òjò tó kọjá. Fìlà yẹn ni yóò máa gbọ́ ẹ̀jẹ̀ inú orí mi, kó lè pariwo kí òmíràn tó dé. Ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn bí irun bá wà láàárín. Wọ́n ní kí n fá a. Ọ̀la ni ọlọ́wọ́ àṣẹ ń bọ̀ pẹ̀lú abẹ. Bí mo bá sì kọ̀, wọn yóò gbé mi lọ sí Ilé Ìsinmi lórí òkè."

"Irun a máa hù padà, Màmá," Rẹ̀mílẹ́kún wí jẹ́jẹ́.

Ìyá fi ọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀, níbi tí dídì ti parí.

"Nígbà tí ọkọ mi kú, àwọn ẹbí rẹ̀ ló fá orí mi. Wọ́n mú mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n da omi tútù lé mi lórí, wọ́n ní kí n máa sunkún sókè bí abẹ ti ń lọ kí gbogbo ilé lè gbọ́ pé èmi kọ́ ni mo pa á. Abẹ náà kò mú. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ́ sínú pé abẹ kò ní kan orí yìí mọ́ lójú ayé mi. Bí mo bá kú, kí wọ́n fá a bó bá wù wọ́n. Ìgbà yẹn n kò ní sí níbẹ̀."

"Ọmọ yín mọ̀ sí i?"

"Ọwọ́ ni mo gbé e nígbà náà. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Ó rò pé agídí àgbà ni."

Bàbá Ṣótúndé gba fìlà náà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ti fi ẹfun sàmì sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí ẹyọ irin kọ̀ọ̀kan wà. "Wò ó. Wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn ni. Mo ní bí a bá la irun gba ibi tí wọ́n bá máa kàn, tí a dì í ní kòlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín sí ẹ̀gbẹ́, irin á bọ́ sórí awọ orí gan-an. A ti dán iwájú wò lánàá. Ibi méjì gbọ́, ibì kan kò gbọ́, mo sì tún un dì." Ó fọwọ́ kan òkè ojú rẹ̀ tó wú. "Òòyà ló bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mú un. Bí mo ti ń nàró ni mo forí gbá apá ilé yìí tó dúró gbọnin sókè. Kò sí ohun mìíràn."

"Ohun mìíràn wà," ni Ìyá Gbénró wí. "Sọ fún un pé a kò ní parí."

Rẹ̀mílẹ́kún wo orí náà. Láti iwájú dé etí, ìlà rẹ̀ gún, ó dán. Lẹ́yìn etí, irun tó wà níbẹ̀ wà bí igbó. Ó tún wo ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó ń fi ìka mẹ́ta gbé irun fẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìka náà gbọ̀n, irun yọ bọ́. Ó tún un gbé. Ó tún bọ́. Nílé, ẹ̀gbà ìbá ti pa ọwọ́ náà lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀gbà bá dé, ojú Olùṣọ́ dé ibẹ̀.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," bàbá wí. "N kò bẹ̀ ọ́. O kò ní ọwọ́ àṣẹ. Bí wọ́n bá mú ọ, wọn á gba ipò adúrófún lọ́wọ́ rẹ. Àjèjì kan tí kò mọ̀ mí rí ni yóò máa bá ilé sọ̀rọ̀ nípa mi."

Òótọ́ ni. Rẹ̀mílẹ́kún rí àjèjì náà lójú inú rẹ̀, ẹni kan tó ní àgbà tó pọ̀ lábẹ́ rẹ̀, tí yóò tẹ bọ́tìnnì kan láti ti wákàtí bàbá pa láìtilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Ó lè jáde báyìí. Kò tíì fọwọ́ kan ohunkóhun. Ó lè padà lọ sọ fún Olùṣọ́ pé òòyà ló jábọ́.

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ọdún tí ìyá rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn ní Èkó. Bàbá ló ń dirí fún un kó tó lọ sí ilé ìwé nígbà náà. Á há orí rẹ̀ sáàárín eékún, á ní kó má mira, ọwọ́ ńlá tó ń rùn fún ọ̀rá àwọ̀n á máa rìn lórí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì a máa fi irun náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó dà bí àwọ̀n. Òun kì í sọ ọ́ nílé.

Ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ nínú bàsíà, ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nítorí òórùn ẹja.

"Bàbá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n jókòó. Ẹ fi ibi tí màá là hàn mí."

Bàbá wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló dìde.

Irun Ìyá Gbénró rọ̀ ju bó ti rò lọ, ó ń yọ̀ bí òwú. Ìlà àkọ́kọ́ tó là wọ́, bàbá ní kó tún un là. Ó dì í, ó tú, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Fà á díẹ̀," ni ìyá wí, "orí mi kì í ṣe ẹyin." Díẹ̀díẹ̀ ni ìka rẹ̀ rántí ohun tó jẹ́ pé orí rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Bàbá dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ìka tó ń gbọ̀n tọ́ka: níbí, rárá, wá sísàlẹ̀. Ìyá Gbénró ń sọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìró ọ̀sà lábẹ́ ilẹ̀ kó tó gba ilé àtijọ́. Fún ìgbà díẹ̀ Rẹ̀mílẹ́kún gbàgbé pé wákàtí ń lọ.

Ó ku ìlà ìpàkọ́ nígbà tí iná tàn lórí àjà, tí apá ilé sì mira bí ẹni tó jí.

"Ẹ káàsán, Màmá," ni Olùṣọ́ ilé náà wí. Ohùn obìnrin ni tirẹ̀. "Mo ka ènìyàn mẹ́ta. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀. Mo ń pe Gbénró."

Lọ́gán ni ilé bàbá náà bẹ̀rẹ̀ láti òdì kejì, ohùn rẹ̀ ń gba orí omi kọjá: "Bàbá Ṣótúndé! Bàbá Ṣótúndé o!" bí ìyá tí ń pe ọmọ wá jẹun.

Ògiri mọ́lẹ̀. Ọkùnrin kan yọ níbẹ̀, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìfófòó sì kún ẹnu rẹ̀. Òwúrọ̀ ṣì ni lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó wò, ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta nìyẹn? Ta ló ní kó o fọwọ́ kan ìyá mi?"

Rẹ̀mílẹ́kún kò fi irun sílẹ̀. Bó bá fi sílẹ̀, ìlà náà á tú. "Rẹ̀mílẹ́kún lorúkọ mi. Bàbá mi nìyí, ilé kejì ni wọ́n ń gbé. Irun ni mò ń dì. Ó ku díẹ̀ kí n parí."

"Olùṣọ́, gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀! Màámi, ṣé wọn ò ṣe yín léṣe?"

"Gbénró," ni ìyá rẹ̀ wí, "tu ìfófòó yẹn dànù ká tó sọ̀rọ̀."

Ó tu ú. Nígbà tó padà sójú ògiri, ìyá rẹ̀ sọ ọ́ fún un, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ka ohun tó ti kọ́ sórí: ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n mú un jókòó sí, omi tútù, abẹ tí kò mú, igbe tí wọ́n ní kó ké. Orí rẹ̀ wà nílẹ̀ nítorí Rẹ̀mílẹ́kún ṣì ń dì í, nítorí náà kò wo ojú ọmọ rẹ̀ bó ti ń wí i.

Búrọ́ọ̀ṣì Gbénró ń kán omi sí i lára aṣọ. "Ẹ kò sọ fún mi rí."

"O kò béèrè rí. Ò ń béèrè ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi láràárọ̀. Ò ń béèrè bí mo ṣe sùn. Ò ń béèrè bóyá mo yàgbẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni ilé ń sọ fún ọ. Ilé kò mọ èyí."

Bàbá Ṣótúndé rọra gbé fìlà lé orí ìyá náà, ó fa etí rẹ̀ wálẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú àmì ẹfun. Gbogbo wọn dúró.

"Mo ń gbọ́ iwájú," Olùṣọ́ wí lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. "Mo ń gbọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. N kò gbọ́ ìpàkọ́."

"Ìpàkọ́ ni mo wà tí ẹ fi dé," Rẹ̀mílẹ́kún wí fún ọkùnrin inú ògiri.

Gbénró fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀, a kò mọ̀ bóyá omi ẹnu ni tàbí ti ojú. "Ẹ parí rẹ̀," ó wí. Ó ti kúrò ní *o*, ó ti di *ẹ*. "Olùṣọ́, fi orúkọ Rẹ̀mílẹ́kún kún ti ẹnu ọ̀nà. Sọ fún ọlọ́wọ́ àṣẹ kó má mú abẹ wá lọ́la. Kí wọ́n kọ́kọ́ wo ohun tí fìlà bá wí."

"Bàbá rẹ̀ tó kọ́ ọ ńkọ́?" ìyá rẹ̀ béèrè.

Gbénró wo arúgbó náà, aṣọ funfun tó wà lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ tí ń gbọ̀n. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ti yín, ẹ jẹ́ kí n rò ó."

Bàbá Ṣótúndé mi orí. "Ó dàbọ̀, Ìyá Gbénró," ó wí, ó sì jáde. Rẹ̀mílẹ́kún kò lè tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú irun. Ó ń gbọ́ ìṣísẹ̀ rẹ̀ lórí pákó, ọ̀kan, ó dúró, òmíràn, ó dúró, tí ilé rẹ̀ sì ń pe orúkọ rẹ̀ láìsinmi, títí ó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn òdì kejì pa dé. Ìgbà yẹn ló tó mí.

Ó parí ìpàkọ́. Wọ́n dé fìlà. Olùṣọ́ ní òun ń gbọ́, pé ibi kan lẹ́yìn etí òsì kò dún tó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ó tó. Ìyá Gbénró ní kí ògiri fi ẹ̀yìn orí òun han òun, ó wò ó láti ọ̀tún, ó wò ó láti òsì, Gbénró náà ń wò ó láti Kánádà.

Nígbà tí Rẹ̀mílẹ́kún dé ilé, bàbá rẹ̀ ti fi ẹ̀gbà sọ́wọ́ padà, ó jókòó síbi àga rẹ̀. Olùṣọ́ kò jẹ́ kó bọ́ bàtà.

"Adúrófún, wákàtí ti parí. Kí lẹ rí?"

Rẹ̀mílẹ́kún ti ń to irọ́ kan pọ̀ bó ti ń bọ̀ lórí afárá. Irọ́ náà dára. Nígbà tó ṣí ẹnu, kò pa á. Ó sọ ti afárá, ó sọ ti ìgbànú tí kò sí nídìí bàbá, ti òòyà, ti irin tó forí gbá. Bàbá ń wo ilẹ̀ bó ti ń wí i.

"Ṣé ohun tí ẹ rí léwu?" Olùṣọ́ béèrè.

Omi dúdú tó ń ṣàn lábẹ́ pákó wá sójú rẹ̀. "Ó léwu."

"Ṣé kí n ti wákàtí náà pa?"

Bàbá kò gbé ojú sókè, kò bẹ̀ ẹ́.

"Má tì í."

"Bí ohun kan bá ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ láti òní lọ, a kò ní bi bàbá, a kò ní bi èmi. Ọrùn yín ló wà."

"Ọrùn mi ló wà," Rẹ̀mílẹ́kún wí. Àyà rẹ̀ ń já bó ti ń wí i, ó sì mọ̀ pé yóò máa já lójoojúmọ́ bí iná orí òrùlé yẹn bá ti kú. Ó jókòó níkẹyìn. Ìka rẹ̀ ti pọ́n, àwọn oríkèé rẹ̀ ń dùn ún. Bàbá fa ọwọ́ rẹ̀ sọ́dọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìlà kejì tó o là yẹn," ó wí, "ó wọ́. Mo rí i kí n tó jáde."

"Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Gbogbo kíláàsì ló ń pe orí mi ní àwọ̀n ẹja."

Bàbá Ṣótúndé wò ó, ẹnu yà á. "Wọ́n pè é ní kí ni?" Ẹ̀rín wá bẹ̀rẹ̀ láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gun òkè, ó mì í lórí àga, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fọwọ́ lu itan. Rẹ̀mílẹ́kún náà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rín in títí tí ẹ̀gbà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé àyà bàbá ń yára jù, tí apá ilé rìn wá láti balùwẹ̀, tí Olùṣọ́ sì béèrè bóyá kí òun pe dókítà.

"Má pe ẹnikẹ́ni," ni Rẹ̀mílẹ́kún wí.